Ariwo Kọ́ Ni Obìnrin Yẹn Ń Pa

Ọ̀rẹ́ mi kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, lórí àtẹ̀gùn Mápó, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí wọ́n ń ṣe ìyàwó nínú gbọ̀ngàn. Àwa mẹ́rin la jókòó síbi tí òjìji àwọn òpó ńlá yẹn bọ̀, à ń wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba. Ẹnìkan nínú wa ní bàbá òun máa ń sọ pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèré a máa gbé mọ́tò wá síbí láyé àtijọ́, wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, èrò á kún fọ́fọ́. Ni ọ̀rẹ́ mi yìí bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn ìyẹn náà ń ṣeré ni? Ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Kò sẹ́ni tó mọ eré ṣe nínú wọn."

Mo bi í bóyá ó ti wo Ẹfúnṣetán rí. Ó ní òun ti rí i lórí fóònù, òun wò ó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun sì pa á.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀yin ará mi! Ẹni tó jókòó ti àmàlà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tíì lè sọ pé ọbẹ̀ ò dùn, òun ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dájọ́ fún obìnrin tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ìtàgé.

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà bó ṣe yẹ, torí inú mi ru, ẹnu mi ò sì yá. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Kí n sọ ibi tí mo dúró sí kíá, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bá mi jà lé. Ipa Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá kó wà lára iṣẹ́ òṣèré tó ga jù lọ tó ti ìlú Ìbàdàn yìí jáde. A kò tíì yìn ín bí a ṣe ń yin oníṣẹ́ ọnà. Ohun tó sì fà á ni pé iṣẹ́ náà dára débi tí a fi gbàgbé pé iṣẹ́ ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ka Yorùbá ní girama, tàbí tí ẹ kà á kí ẹ lè yege nìkan: Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ eré náà, láàárín 1961 sí 1962, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó di ìwé títẹ̀ ní 1970, ó sì di ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́. Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí I-Show-Pepper, ló gbé e sórí ìtàgé pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sì fi ṣe Ìyálóde. Eré náà gbilẹ̀ débi pé ó kúrò ní eré inú gbọ̀ngàn, wọ́n gbé e dé pápá ìṣeré. Ní 1981 ó di fíìmù, Bankole Bello ló darí rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni ní ìgboro Ìbàdàn bá pe obìnrin yẹn, Ẹfúnṣetán ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di orúkọ kejì.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, a sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, a gba inú àwọn ọ̀nà tóóró yẹn lọ sí Bẹyẹrúnkà. Ilé ìyá tó bí ìyá mi wà níbẹ̀, ebi sì ń pa wá. Elùbọ́ ni wọ́n ń tà. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ìrìn òòrùn. Ṣé ẹ̀ ń kàwé àbí ẹ̀ ń rìn kiri?"

Wọ́n ro àmàlà fún wa. Nígbà tí ọwọ́ gbogbo wa ti wọ inú abọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́, kí n má parọ́. Mo ní, "Màmá, ọ̀rẹ́ mi yìí ní àwọn tó ṣe Ẹfúnṣetán ò mọ eré ṣe o. Ó ní ariwo ni wọ́n ń pa."

Màmá gbé ìkòkò kalẹ̀. "Ta ni ò mọ eré ṣe? Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò tíì bí ẹ nígbà yẹn. Bóyá bàbá ẹ ò tíì mọ ìyá ẹ." Ọ̀rẹ́ mi tẹrí ba sínú ọbẹ̀. "Èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi la jọ lọ. Gèlè tuntun ni mo wé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ́ Adétutù lórí, tòun toyún nínú, a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ láti orí ìjókòó wa. À ń sọ pé, 'Ìyálóde, ẹ dákun.' Àwọn àgbààgbà ń kúnlẹ̀! Ẹ̀ ń gbọ́? Ìgbà tó ń pariwo kọ́ lẹ̀rù bà mí. Ìgbà tó dákẹ́ ni. Ó dákẹ́, ó ń wò wá. Mi ò lè jẹ ẹran fún ọjọ́ mẹ́ta."

Lẹ́yìn náà wọ́n fi kún un, bí ẹni pé ó yẹ kí a ti mọ̀: "Ó sì dáa bó ṣe gbé májèlé jẹ. Ìlú sinmi."

Mo ní, "Màmá, inú eré nìyẹn o."

"Eré kẹ̀? Mo wà níbẹ̀. Ìṣojú mi ló ṣe."

Ẹ jẹ́ kí n fi Màmá sílẹ̀ níbẹ̀ ná. Màá padà sọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì yẹn sọ́kàn: "ìgbà tó dákẹ́ ni" àti "ìṣojú mi ló ṣe". Èkíní ni èsì sí ọ̀rẹ́ mi. Èkejì ni wàhálà tèmi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ariwo. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo eré lórí fóònù, gbohùngbohùn wà ní ọrùn aṣọ òṣèré tí ẹ ń wò, kámẹ́rà sì sún mọ́ ọn débi tí ẹ fi lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, ẹ ó gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri ò ní irú àǹfààní yẹn. Gbọ̀ngàn ìlú, àgbàlá ilé ìwé, gbàgede òtẹ́ẹ̀lì: ibi tí wọ́n bá bá láyè ni wọ́n ń ta ìtàgé sí. Ọmọ ń sunkún, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ògiri, ẹni tó fi owó tó kéré jù ra tíkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn pátápátá, òun náà sì fẹ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ronú gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá. Èdè tiwa, ohùn ló ń gbé e rìn. Tí o bá kígbe láìmọ̀ ọ́n ṣe, ohùn á fọ́, igbá á di ìgbà, ọkọ́ á di ọkọ̀, òwe tí òǹkọ̀wé fi ọjọ́ mẹ́ta rò á di ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ létí ẹni tó wà lẹ́yìn. Òyìnbó lè jágbe lórí ìtàgé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Òṣèré Yorùbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti gbé ohùn rẹ̀ sókè, kí ohùn ìsàlẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, kí ti àárín má fò sókè, kí ó sì bínú, kí ó sì sunkún, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ dán an wò nínú yàrá yín ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lálẹ́ òní. Ẹ pa òwe kan pẹ̀lú ìbínú, kí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀ létí. Ẹ ó mọ̀ bóyá ariwo ni.

Ohun mìíràn tún wà tí a kì í kà sí. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri kì í lo ìwé. Ọ̀gá á sọ bí ìtàn ṣe lọ, òṣèré kọ̀ọ̀kan á wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i lẹ́nu, eré á máa dàgbà bí wọ́n ṣe ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ṣeré, kọ odidi ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó jáde ní 2000. Ẹfúnṣetán yàtọ̀. Eré tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kọ sílẹ̀ ni, tí òwe àti àkànlò èdè kún inú rẹ̀ bí ata ṣe kún ọbẹ̀. Ẹgbẹ́ ojú pópó ló gbé e, wọ́n kọ́ ọ sórí, wọ́n sì gbé e fún àwọn èrò tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ò ní ka ìwé náà láé. Èmi gbà pé afárá tó so yunifásítì mọ́ Ọjà'ba lọ́dún náà lágbára ju gbogbo àpérò tí a ti ṣe láti ìgbà tí mo ti wọlé lọ. Obìnrin kan ló sì ru ìdajì ẹrù yẹn.

Ẹ wo irú ẹrù tó jẹ́. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ ń ṣe Ṣàngó nínú Ọba Kò So láti 1963, ó ní bàtá lẹ́yìn, ó ní iná lẹ́nu, ó ní òrìṣà tí èrò ti ń bẹ̀rù kí wọ́n tó kúrò nílé. Mi ò bu Ládípọ̀ kù. Wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní 1964, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bàbá Sàlá ní ẹ̀rín: bó bá ti yọjú pẹ̀lú àwọn ojú dígí rẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kí ni ẹni tó ń ṣe Ẹfúnṣetán ní? Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nínú eré, kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nínú èrò. Òfin tó ṣe ni pé ẹrúbìnrin òun kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun kò gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Ó ní kí wọ́n bẹ́ aboyún lórí. Òṣèré tí kò mọṣẹ́ á bẹ èrò kí wọ́n ṣàánú òun, á máa ṣẹ́jú, á fi ẹkún bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá, kódà nínú àwòrán àtijọ́ tó ti ṣá, ni pé kò bẹ̀ wá. Ó jẹ́ kí ìbànújẹ́ obìnrin tí kò lọ́mọ wà níbẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìwà ìkà wà níbẹ̀, kò sì fi ọ̀kan tọrọ àforíjì fún èkejì. Ó gbà kí a kórìíra òun. Àwọn òṣèré wa òde òní tí wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún olólùfẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mélòó nínú wọn ló lè gbà bẹ́ẹ̀?

Mo bọ́ sórí àwọn tó ń fi ìyìn pa á báyìí. Ọ̀rẹ́ mi nìkan kọ́ ló ṣẹ̀. Ó kéré tán, òun sọ ohun tó rò. Àwa yòókù ńkọ́? Tí òṣèré àgbà bá bọ́ sínú ìròyìn lóde òní, ẹ ti mọ̀ pé àìsàn ni tàbí owó ilé. Fọ́tò rẹ̀ á jáde, a ó kọ "lẹ́jẹ́ǹdì" sábẹ́ rẹ̀, a ó fi àwòrán ojú tó ń sunkún mẹ́ta tì í, a ó sì kọjá lọ síbi eré bọ́ọ̀lù. Ẹ bi ẹni tó kọ "lẹ́jẹ́ǹdì" pé kí ló ṣe gan-an, báwo ló ṣe ṣe é, kí ló fi dára ju ti ẹlòmíràn lọ: kò ní lè sọ gbólóhùn kan. Ìtọrẹ àánú ni ìyẹn. Ó dáa kí a ṣàánú, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àánú là ń ṣe fún ẹni tí nǹkan ò lọ dáadáa fún. Òṣìṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ láṣeyọrí, ìdíyelé ló tọ́ sí i. Alágbẹ̀dẹ fẹ́ kí o sọ pé àdá náà mú, kí o sọ ibi tí ó ti mú àti ibi tí kò ti mú, kí o tó wá bi í pé ara ńkọ́.

Àwa la sì yẹ ká máa ṣe é. Ta ló tún kù? Biodun Jeyifo ti kọ ìwé lórí tíátà alárìnkiri ní 1984. Barber kọ tirẹ̀ lórí àwọn ará Òṣogbo. Ilé ẹ̀kọ́ wa ò ju ìrìn mótò kan sí Mápó lọ, à ń kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí àwọn eré tí wọ́n ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù tí a kò wò rí, àwọn tó wo Ẹfúnṣetán lórí ìtàgé sì wà ní Bẹyẹrúnkà, ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ayéyé, wọ́n ń ta elùbọ́, wọ́n ń dàgbà. Bí ẹnìkan bá kú nínú wọn, àyẹ̀wò kan nípa eré náà ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé fóònù yín lọ bá wọn. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?" Ẹ bi wọ́n pé ibo lẹ̀rù ti bà yín.

Mo ti dé ibi tó le. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ kejì tí Màmá sọ: ìṣojú mi ló ṣe.

Ìyálóde Ẹfúnṣetán tó gbé ìlú yìí kò gbé májèlé jẹ. Pípa ni wọ́n pa á. Samuel Johnson, tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, 1874, ni Ààrẹ Látóòsà rọ̀ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó ń bọ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ aboyún nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú tí wọ́n pa. Ó san owó ìtanràn, wọ́n bá a bẹ̀bẹ̀, Látóòsà ò gbà. Lóru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ gba òkè àjà wọlé sí yàrá tó sùn sí, wọ́n fọ́ ọ lórí. Kúmúyìlọ́, ọmọ tó gbà tọ́, lọ́wọ́ sí i, Ààrẹ ló sì wà lẹ́yìn ọ̀ràn. Inú ìlú ò dùn sí i: àwọn ìjòyè bínú, wọ́n ṣèwádìí, wọ́n sì pa àwọn ẹrú tó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ ò jìyà kankan.

Kí ló fà á? Bọ́láńlé Awẹ́ ti fi hàn wá pé oníṣòwò ńlá ni obìnrin yìí. Ó ní oko, ó ní ọ̀pọ̀ ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ń ta ohun ìjà, ó ń fún àwọn ológun ní ẹ̀tù àti ìbọn láwìn. Wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè, wọn ò san. Nígbà tó sú u, ó ní òun ò fún ẹnikẹ́ni láwìn mọ́. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń tajà ní Ọjà'ba, ẹ mọ irú ìjà tí ọ̀rọ̀ àwìn máa ń dá sílẹ̀. Ẹ wá fi ìbọn àti oyè Kakaǹfò kún un.

Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ẹrú ló fi lówó. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin, kú sórí ìrọbí ní 1860, ìtàn sì gbà pé ó hùwà ìkà sí àwọn ẹrú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ò dá ìyẹn sílẹ̀ lórí òfo. Ṣùgbọ́n ìlú tí gbogbo àwọn ọkùnrin alágbára inú rẹ̀ ń kó ẹrú, tí wọ́n ń jagun torí ẹrú, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni a wá mọ̀ sí ìkà títí dòní, obìnrin sì ni. Òkè Ààrẹ ṣì ń jẹ́ orúkọ oyè Látóòsà, ẹ lè rìn dé ibẹ̀ láti Ọjà'ba. Ère Ẹfúnṣetán wà ní oríta Challenge, lọ́nà jíjìn sí ìgboro àtijọ́, àwọn awakọ̀ Máíkírà ń yí i po láràárọ̀. Ẹ bi èrò tó wà nínú ọkọ̀ pé báwo ló ṣe kú. Wọ́n á ní ó gbé májèlé jẹ. Òṣèré wa ló kọ́ wọn.

Àwọn kan nínú kíláàsì wa, pàápàá àwa obìnrin, ti ń sọ pé torí èyí, kí wọ́n yọ eré náà kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí ìtàgé mọ́. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, mo sì bá wọn bínú. Ṣùgbọ́n mi ò bá wọn lọ. Òǹkọ̀wé kọ eré, kò kọ ìwé ìtàn. Ṣebí ọ̀rọ̀ Ṣàngó náà rí bẹ́ẹ̀: àwọn kan ní ọba so, àwọn kan ní kò so. Dúró Ládípọ̀ mú ìhà kan, ó fi gbogbo ara ṣe é, iyì Ṣàngó sì ga sí i. Ládípọ̀ fi ẹ̀bùn rẹ̀ gbé òkú kan dìde. Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá fi ẹ̀bùn tó bá a dọ́gba sin òkú mìíràn, nítorí ohun tí wọ́n kọ fún un nìyẹn. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Bí àdá bá mú tó báyìí, ẹ kì í torí ìyẹn sọ ọ́ nù.

Tí mo bá ní àríwísí kan, òun rèé: eré náà ò jẹ́ kí obìnrin yìí kó ipa oníṣòwò dé ibi tó yẹ. Ọ̀ràn gbèsè tó wà nínú ìtàn ò lẹ́nu níbẹ̀ tó bí ọ̀ràn oyún ṣe lẹ́nu. Ẹni tó lè dákẹ́ kí gbọ̀ngàn má lè mí, ẹ fojú inú wo irú ìdákẹ́jẹ́ tí ì bá dá níwájú ìjòyè tó jẹ ẹ́ lówó, tó tún wá tọrọ ẹ̀tù! Wọ́n fi odidi ìran kan dù ú, wọ́n sì fi du àwa náà.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ ẹgbẹ́ òṣèré ilé ẹ̀kọ́ wa ò pọ̀. Ẹ gbé Ẹfúnṣetán ṣe lọ́dún yìí, bó ṣe wà, ẹ má gé e. Ẹ má ṣe é sínú ọgbà nìkan. Gbọ̀ngàn Mápó wà níbẹ̀ láti 1929. Ẹ tẹ ọjọ́ méjèèjì yẹn ti 1874 sínú ìwé pélébé tí ẹ máa pín fún èrò, lédè Yorùbá, kí ẹni tó bá wo eré tán lè ka bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀. Ẹ wá àwọn tó wo ti àkọ́kọ́, ẹ fi wọ́n síwájú láìgba owó. Àti pé ẹnikẹ́ni tó bá máa kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ó má kọ "ó gbìyànjú". Kí ó kọ ohun tó ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìròyìn, ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tó ni fíìmù 1981 yẹn lọ́wọ́ àti bí a ṣe lè rí ẹ̀dà tó dára. Ẹ dìde sí i.

Mo padà sí Bẹyẹrúnkà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi nìkan. Mo ka ọ̀rọ̀ inú Johnson fún Màmá, mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń wọn elùbọ́ fún oníbàárà, wọn ò wojú mi. Nígbà tí mo dé ibi òkè àjà, ọwọ́ wọn dúró lórí kóńgò. Mo rò pé wọ́n máa bínú sí mi ni. Wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Oníbàárà náà ò tíì lọ, òun náà dúró ń gbọ́.

Màmá ní, "Orí ibùsùn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n da elùbọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n dè é, wọ́n gbowó. Nígbà náà ni wọ́n wá kọjú sí mi.

"Tí ẹ bá máa ṣe é bẹ́ẹ̀," wọ́n ní, "ta lẹ rí tó lè ṣe Ìyálóde?"